Ìtàn Àgùàlà alápá 10 lórí WhatsApp: ká fi àbàtà àti aláǹgbá ńlá sílẹ̀ àbí ká yọ wọ́n?

Akọ̀wé Kékeré (Kàbbà)

Okun o, gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ eléré wa fẹ́ ṣe ìtàn àfetígbọ́ alápá 10. Apá kọ̀ọ̀kan ò ní ju ìṣẹ́jú 8 lọ, a ó sì máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé. Ìtàn ìrìnàjò ni, irú èyí tó máa ń wà nínú àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú ti ayé àtijọ́: ọkọ̀ òfurufú já sí ayé mìíràn, ọdẹ kan wà nínú rẹ̀, awakọ̀ obìnrin kan, àti ẹnjiníà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ajá Òṣùpá" la pè é, torí Àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì Venus, ni wọ́n já sí.

Ohun tí mo ti kọ rèé. Wọ́n já sínú àbàtà, igbó kìjikìji yí wọn ká, òjò ò dá. Wọ́n dáná, wọ́n sun ẹran. Ọdẹ fi ṣakabùlà pa aláǹgbá kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lálẹ́ wọ́n gun orí àpáta, wọ́n rí ayé wa pẹ̀lú òṣùpá rẹ̀ lókè ọ̀run, àárò ilé wá ń sọ wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ọbabìnrin Àgùàlà ti kó wọn. Èdè Bùnú ni àwọn ará ibẹ̀ á máa sọ, kó lè dùn létí.

Ọ̀kan nínú wa wá ní irọ́ funfun báláú ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí àbàtà ní Àgùàlà, iná ni. Ṣé ká tún un kọ ni? Ìbéèrè kejì: fóònù kan ṣoṣo la ní. Báwo la ṣe máa gbà á sílẹ̀ tí àwọn èèyàn á fi lè gbọ́ ọ dópin?

Ọmọ Òkè Ògìdì

Ẹni yẹn ò parọ́ mọ́ ọn. Ooru orí ilẹ̀ Àgùàlà tó dígírì 465. Òjé ń yọ́ ní 327, síńkì tí wọ́n fi ń bo páànù òrùlé ń yọ́ ní 420. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 92 tiwa, ìyẹn ni pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀ àti ẹni tó wà ní 900 mítà nísàlẹ̀ òkun, ẹrù kan náà ló wà lórí wọn. Bí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ náà sí ọ̀nà 100, ó lé ní 96 tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì. Ibo lomi àbàtà ti fẹ́ wá? Ọkọ̀ Venera 13 tí ìjọba Soviet gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1982, wọ́n dìídì kọ́ ọ fún ooru yẹn ni, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 127 ló lò kó tó dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti rí ayé wa lókè, ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Ìkùukùu bo Àgùàlà yíká, kò sí ojú ihò kan. Ẹni tó wà nílẹ̀ ò lè rí ìràwọ̀ láéláé. Ẹ tún rántí pé ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀, tó sì ń wọ̀ sí ìlà-oòrùn. Láti ìgbà tó bá yọ títí tí yóò fi tún yọ, ọjọ́ 117 tiwa ni.

Ẹ gbé ìtàn yín lọ sí Máàsì, ó yá jù.

Ọ̀rẹ́ Ìwé Àtijọ́ (Lọ́kọ́ja)

Ẹ̀gbọ́n Ògìdì, Máàsì wo? Ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú 100 tiwa, tí òtútù rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí dígírì 60 sísàlẹ̀ òdo? Kí ni ọdẹ fẹ́ mí sínú níbẹ̀? Bó bá jẹ́ òtítọ́ la ń wá, kò sí ọ̀kan nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù tó gba ọdẹ lálejò.

Akọ̀wé, àbàtà rẹ yẹn ní baba. Svante Arrhenius, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 1903, ló kọ ọ́ ní 1918 pé Àgùàlà rin gbingbin. Wọ́n rí ìkùukùu, wọ́n rò pé omi ni. Ní 1932 wọ́n rí kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì níbẹ̀ láti ilé awò ojú ọ̀run Mount Wilson, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé ò dá wọn lóhùn. Ìwé ìròyìn Amazing Stories ti ń jáde láti 1926, Planet Stories tẹ̀ lé e ní 1939, orí pépà tí kò níye lórí ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sí, àwọn tó ń rà á sì fẹ́ aláǹgbá. Ìgbà tí ọkọ̀ Mariner 2 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà ní December 14, 1962 ni ọ̀rọ̀ náà tó tán pátápátá, tó hàn pé ooru gidi ló wà lábẹ́ ìkùukùu yẹn.

Nítorí náà, tó o bá fẹ́ àbàtà, fi ìtàn náà sí 1935. Kí apàlọ́ sọ ọdún náà láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n 1935 lówó orí tirẹ̀ o. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí fóònù alágbèéká, rédíò wọn ti onígílóòbù ni, orí bébà ni awakọ̀ á ti máa ṣírò ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa dárúkọ Ìpínlẹ̀ Kogí lẹ́nu, 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Abẹ́ Kabba Province ni wọ́n wà, Ajẹ́lẹ̀ ló ń pàṣẹ. Èyí tí o ò gbọdọ̀ ṣe ni kó o da méjèèjì pọ̀: àbàtà ní apá 2, kí ẹnjiníà tún wá máa sọ nípa Venera ní apá 6.

Bùnú Gidi

Kí ló dé tó fi jẹ́ Bùnú ló máa di ará Àgùàlà? Ṣé àwọn Owé ò lẹ́nu ni, àbí ẹ̀yin Yàgbà?

Tíṣà Físíìsì (Mọ̀pà)

Orí ilẹ̀ lẹ̀yin méjèèjì ń jà sí. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ gòkè. Bí ooru àti afẹ́fẹ́ Àgùàlà ṣe ń yí padà láti òkè wá sísàlẹ̀ nìyí, kí Akọ̀wé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì tó ti ń kọ̀wé:

Kìlómítà 55 sókè: dígírì 27, afẹ́fẹ́ ń tẹni ní ìdajì tiwa.
50: dígírì 75, afẹ́fẹ́ ọgba tiwa.
45: dígírì 110.
40: dígírì 143, afẹ́fẹ́ ìlọ́po 3 ààbọ̀.
35: dígírì 180.
30: dígírì 222, ìlọ́po 10.
20: dígírì 306.
Ilẹ̀: 465.

Ẹ wo òkè yẹn dáadáa. Ní 55, ooru ọ̀sán Mọ̀pà lẹ́yìn òjò ni. Èèyàn ò nílò aṣọ irin níbẹ̀, ìbòjú tó ní ọ́síjìn àti aṣọ tí ásíìdì inú ìkùukùu ibẹ̀ ò lè jẹ ló nílò. Kì í sì í ṣe àlá: ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, bàlúùnù méjì tí ọkọ̀ Vega 1 àti Vega 2 jù síbẹ̀ léfòó ní nǹkan bíi kìlómítà 54 fún nǹkan bíi wákàtí 46. Fífẹ̀ wọn tó nǹkan bíi mítà 3 ààbọ̀, hílíọ̀mù ló wà nínú wọn.

Ibi tó dùn jù nìyí. Ní Àgùàlà, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ. Ilé tí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ tiwa kún á léfòó fúnra rẹ̀. Ní kìlómítà 50, kúbíìkì mítà kan á gbé ìdajì kílò. Bí ìlú ọbabìnrin bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 100, ó nílò 200,000 kúbíìkì mítà, ìyẹn ni pé bó bá rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ á tó mítà 72 tàbí 73. Ní 55, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, kúbíìkì mítà kan ò ní gbé ju ìdá mẹ́ta kílò lọ. Torí náà ẹrù tó bá pọ̀ jù á fa ìlú náà wálẹ̀, bó sì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ ni yóò máa gbóná. Ẹ̀rọ tí yóò máa ti ìtàn yín lọ nìyẹn, ẹ ò nílò aláǹgbá.

Tí awọ bàlúùnù bá ya, kò ní bú. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú àti ti ìta dọ́gba, nítorí náà tiwa á máa jò díẹ̀díẹ̀, tiwọn á máa wọlé. Ẹ ní wákàtí lọ́wọ́. Ẹ má kọ ìró "gbòlàà" síbẹ̀.

Ìkùukùu náà ń yí Àgùàlà po láàárín ọjọ́ 4, nítorí náà ìlú tó ń léfòó á ní ọ̀sán ọjọ́ 2 àti òru ọjọ́ 2.

Ọmọ Òkè Ògìdì

Tíṣà, mo fara mọ́ òkè, ó dáa ju Máàsì mi lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 yẹn, orí ìkùukùu lókè pátápátá ni, ní nǹkan bíi kìlómítà 70, níbi tí ìjì ti ń sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 54 tí Vega wà, bíi mítà 70 ni. Ẹ pín ìdíwọ̀n àyíká Àgùàlà, kìlómítà 38,000, sí i: ó lé ní ọjọ́ 6. Ọ̀sán ọjọ́ 3, òru ọjọ́ 3. Ìwọ̀-oòrùn náà ni oòrùn ṣì ti ń yọ, torí ọ̀nà kan náà tí ilẹ̀ ń yí sí ni ìjì ń fẹ́ sí.

Ẹ fi èyí kún un: ohùn rédíò láti ibẹ̀ dé ayé ń gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ díẹ̀ nígbà tí Àgùàlà bá súnmọ́ wa jù, ó sì ń gba ju ìṣẹ́jú 14 lọ nígbà tó bá jìnnà jù. Kò sí "haló, haló, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Kéèyàn sọ̀rọ̀, kó jókòó. Àti ìrànlọ́wọ́: ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 584 ni ọ̀nà máa ń ṣí dáadáa láti ayé lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá pàdánù rẹ̀, ó di bí oṣù 19.

Iná tí wọ́n dá, ẹ yọ ọ́. Kò sí ọ́síjìn níta, igi ò lè jó. Ìbọn náà ò lè yìn.

Alágbẹ̀dẹ (Ẹ̀gbẹ̀)

Iná ò lè jó, òótọ́ ni. Ìbọn á yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù kì í wá ọ́síjìn níta. Nínú ẹ̀tù dúdú, ìdá 75 nínú 100 ni iyọ̀ nátíréètì, èédú jẹ́ 15, imí ọjọ́ jẹ́ 10. Iyọ̀ yẹn ló gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání. Ẹ ti ẹ̀tù mọ́ inú agolo tí kò sí afẹ́fẹ́, tí iná bá kàn án yóò ṣiṣẹ́.

Ohun tó máa bà á jẹ́ yàtọ̀ síyẹn. Ṣakabùlà gbọ́dọ̀ ti ẹnu wọlé: ẹ̀tù, òwú, ọta, òwú, kí wọ́n fi ọ̀pá gún un, kí wọ́n tó fi fìlà ìbọn sórí ihò. Ọwọ́ tó yá kò lè ṣe é ní kíákíá lábẹ́ ìbòjú àti ìbọ̀wọ́. Nítorí náà ọta kan ni ọdẹ ní nínú ìran kan. Ẹ má jẹ́ kó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àwọn ọdẹ tó ń gbọ́ yín á kàn rẹ́rìn-ín ni. Èkejì, tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, imí ọjọ́ inú ẹ̀tù á yọ́ kí wọ́n tó dé kìlómítà 40, ẹ̀tù yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Èkẹta, nínú ìlú tí awọ rẹ̀ ló gbé e lókè, ibo ló fẹ́ kọjú ìbọn sí?

Tó bá jẹ́ ti 1935 lẹ mú, òjò ni ọ̀tá. Kí ọdẹ máa fi awọ bo ibi ìyìn.

Aláró (Ìsánlú)

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bí ásíìdì yẹn ṣe ń ṣe. Irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò náà ni, àmọ́ ti bátìrì kò ju ìdá 35 tàbí bẹ́ẹ̀ nínú 100 lọ, omi ló kù. Ti ìkùukùu Àgùàlà bẹ̀rẹ̀ láti 75, ó sì ń kọjá 90. Èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ ń fa omi jáde nínú òwú. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá bọ́ sórí aṣọ òkè, ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ rin, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò dúdú láti àárín lọ sí etí, tí ẹ bá wá fi ìka kàn án, òwú á já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má kọ "aṣọ náà gbiná". Kò gbiná.

Ọ̀rá omi tútù tí à ń mu, polithín ni, ó lè dúró dè é. Náílọ́ọ̀nù gidi, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe okùn àti sọ́kì obìnrin, ásíìdì yẹn ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, okùn náílọ́ọ̀nù tí ọdẹ fi so mọ́ra ní apá 4 á já, ẹ ti rí ewu yín. Téflọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń bo inú páànù ìdíndòdò ló dára jù fún aṣọ ìta. Wúrà náà, ásíìdì yìí ò ràn án. Kí ẹnjiníà fi wúrà fẹ́lẹ́ bo gíláàsì ìbòjú, kó sì máa fọ́nnu pé láti odò Ìsánlú ni wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá wọlé láti ìta: omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí wọ́n dà lé aṣọ náà. Omi díẹ̀ lórí ásíìdì tó le á hó, á ta sí wọn lójú. Omi kì í ṣe ohun tó pọ̀ lọ́kọ̀, àbí? Ta ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀? Ẹ fi ìyẹn ṣe ìjà.

Olóhùn (Ìyàrà)

Mo ti ń dúró kí ẹ parí ọ̀rọ̀ ásíìdì. Fóònù kan tó. Yàrá ni wàhálà.

Ẹ wá yàrá kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sára ògiri méjì tó kọjú síra. Yàrá òfìfo onítáìsì á máa dá ohùn padà, kò sí ohun tí ẹ lè fi wẹ̀ ẹ́ kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ pa fáànù àti fíríìjì, ẹ yọ fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀sán ò dáa, páànù òrùlé máa ń dún kẹ́kẹ́ bí oòrùn bá ń mú un fẹ̀. Aago 10 sí 12 alẹ́ ló dáa jù, lẹ́yìn tí àwọn jẹnẹrétọ̀ bá ti dákẹ́; láti aago 4 àkùkọ ti gbà á. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n mumi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ọ̀fun tó bẹ̀rẹ̀ sí í há, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá há tán.

Kí ẹnu jìnnà sí fóònù ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀, kí èémí má máa lu máíkì. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ fún un. Orí táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ ká ni kó wà, kì í ṣe orí tábìlì lásán. Lóròòru, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìdákẹ́ yàrá yẹn lẹ máa fi dí àárín ibi tí ẹ bá gé. Bí ẹ bá fi òfìfo dí i, etí á mọ̀.

Ìró: ohùn inú ìbòjú, ẹ sọ̀rọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike kékeré. Ìkòkò irin ń dún jù. Ohùn rédíò, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn lù ú jáde lábẹ́ kọ́ọ̀bù, ẹ tún un gbà. Ásíìdì tó ń kán: omi lórí páànù tó gbóná, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan. Ìjì: ẹ fa aṣọ sílíkì àtijọ́ lórí etí bẹ́ńṣì, bó bá yá ìjì á ké, bó bá falẹ̀ yóò kùn. Awọ bàlúùnù tó ń ya: ìka tútù lórí bàlúùnù ọmọdé tí ẹ fẹ́ tán. Tí àbàtà bá kù síbẹ̀, ẹsẹ̀ nínú bàsíà gàrí tó ti wú.

Ìwé: ẹni tó ń kàwé sókè dáadáa ń ka bí ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 8 á gba ọ̀rọ̀ 1,000 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìró àti ìdákẹ́ ń jẹ àyè, ẹ má kọ ju 850 lọ. Ẹ fi pamọ́ ní MP3 kbps 64 (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), mono, ìyẹn ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 8 á wà lábẹ́ MB 4. Ẹni tó ń ra dátà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má lo àwọn áàpù tó ń sọ ohùn èèyàn di ohùn rọ́bọ́ọ̀tì fún àwọn ará Àgùàlà. Ó ń tẹ́ ohùn pẹrẹsẹ. Òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín á di ọ̀kan náà, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló bàjẹ́ tàbí ọkọ́. Kbps 64 tí Olóhùn sọ náà, mo rò pé 96 ni kó jẹ́, torí ìró ásíìdì àti ìjì yẹn máa ń dàrú tí fáìlì bá ti kéré jù.

Olóhùn (Ìyàrà)

Mono la ń sọ, kì í ṣe stereo. 64 mono ò burú fún ọ̀rọ̀. Àmọ́ tí apá kan bá jẹ́ ìjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo gbà fún ẹ, ẹ lo 96 fún ìyẹn nìkan. Ti rọ́bọ́ọ̀tì, òótọ́ pọ́ńbélé.

Ọ̀rẹ́ Ìwé Àtijọ́ (Lọ́kọ́ja)

Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Àgùàlà máa fi súfèé sọ̀rọ̀. Ohùn Yorùbá ṣeé fé ní súfèé. Ẹ kọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fé fé ohùn rẹ̀ nìkan. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Àwọn onílù mọ̀ pé gbólóhùn gígùn tí gbogbo èèyàn ti mọ́ létí ló ń jẹ́ kí ìlù yéni. Ní apá 3, ọdẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní apá 5, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń gbọ́ níle á ti dá a mọ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n á máa pariwo sí fóònù. Bùnú Gidi, ìjà wa parí.

Nípa bí apá ṣe ń parí: nínú irú ìtàn yìí, inú ewu ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá 1, ìlú ti ń sọ̀kalẹ̀ kí apàlọ́ tó kí wa. Ẹ má fi ìṣẹ́jú 4 sọ bí wọ́n ṣe kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí apá kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ohun kan tí ọwọ́ lè tọ́ka sí: okùn ń já, súfèé dákẹ́, nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ ooru kúrò ní 75. Àmọ́ ẹ má rẹ́ wọn jẹ. Tí apá 4 bá parí pẹ̀lú okùn tó já, apá 5 ò gbọdọ̀ sọ pé kò já. Àwọn ìtàn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó burú, àwọn tó ń gbọ́ ò ní gbàgbé.

Èmi ṣì fẹ́ àbàtà ju bàlúùnù lọ o. Ẹ̀rù máa ń bani nínú igbó.

Tíṣà Físíìsì (Mọ̀pà)

Ẹ fi èyí kún ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Òjé ìjóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò, èyí tó jẹ́ tánganran 63 àti òjé 37, ń yọ́ ní dígírì 183. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí kìlómítà 35 gan-an. Torí náà rédíò á kọ́kọ́ máa kùn, ẹnjiníà á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á rí ojú ìlẹ̀mọ́ kan tó ń dán gbinrin, kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á wá rọra sá kúrò lára wáyà, á bọ́ tó. Láti ibẹ̀, kò sí ohùn láti ayé mọ́.

Akọ̀wé Kékeré (Kàbbà)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ti pinnu: ìlú tó ń léfòó ní kìlómítà 52, ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, òjé rédíò yọ́ ní ìparí apá 8, súfèé wà. Iná dídá ti kúrò, ìbọn dúró, ọta kan ló ní.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò fẹ́ kí n yọ aláǹgbá. Ṣé ohun abẹ̀mí kankan lè wà nínú ìkùukùu yẹn? Èkejì, ọbabìnrin náà, mo fẹ́ kí apàlọ́ sọ pé aṣọ pupa tí àwọn Bùnú ń hun ló wọ̀ lọ síbi àsè, kó lè ní àmì ilé.

Tíṣà Físíìsì (Mọ̀pà)

Ní 2020 àwọn onímọ̀ kan kéde pé wọ́n rí fọ́sífìn nínú ìkùukùu Àgùàlà, gáàsì tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń mú jáde níbí. Àwọn mìíràn tú iṣẹ́ náà yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, àríyànjiyàn náà ò tíì tán. Ó tó fún ìtàn yín.

Aláǹgbá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ò lè sí, torí kò níbi tí yóò tẹ̀. Ẹ ṣe ẹran tó jẹ́ àpò: awọ fẹ́lẹ́, gáàsì tó fúyẹ́ nínú, kò bà sórí nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ó ń lọ sókè bí ooru bá ń lé e, ó ń bọ̀ nílẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á. Kó tóbi, ẹ rántí ìdá mẹ́ta kílò: ẹran tó bá wúwo tó 300 kílò gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 12 tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ bíi tiwa ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ háídírójìn ni, ó lè kéré jù bẹ́ẹ̀. Ọta ọdẹ kò ní pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò ni yóò lu, yóò máa rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ooru. Tí wọ́n bá ti so okùn mọ́ ọn ńkọ́?

Bùnú Gidi

Ọbabìnrin lè wọ aṣọ pupa Bùnú, àmọ́ kì í ṣe lọ síbi àsè jẹun-jẹun. Aṣọ ìpò yẹn, ìsìnkú àwọn ẹni ńlá àti eégún ló wà fún, kì í ṣe aṣọ ọjà. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹnì kan ti kú tàbí ẹnì kan fẹ́ kú. Ẹ gbé e lọ sí apá 9, kí àwọn ará ilé tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n mọ̀ ṣáájú awakọ̀. Súfèé yẹn, mo ti dárí jì yín.

Aláró (Ìsánlú)

Òwú ló wà nínú aṣọ ìpò o. Inú ilé ni kó ti wọ̀ ọ́. Tó bá jáde síta pẹ̀lú rẹ̀, ẹ mọ ohun tí ásíìdì á ṣe.

Olóhùn (Ìyàrà)

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́: ẹ fi nọ́ńbà oníméjì sórúkọ fáìlì, AjaOsupa_01 títí dé AjaOsupa_10, láìfi àmì ohùn sí i. Tí ẹ bá kọ 1, 2, 3, fóònù púpọ̀ á gbé apá 10 sẹ́yìn apá 1, ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì á ti mọ ẹni tó kú. Ẹ sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í ṣe kí ẹ gbé fóònù kan sí ẹnu fóònù kejì láti tún un gbà. Tí apá àkọ́kọ́ bá ti wà, ẹ jù ú síbí, a ó gbọ́ ìjì aṣọ sílíkì yẹn.